Iyán Tí Baba Oyèwùmí Jẹ Lórí Ààlà

Àṣírù kì í ṣe ẹni tí ẹ máa rí lójú pópó kí ẹ tún bojú wẹ̀yìn wò ó. Ó kúrú díẹ̀, ó máa ń yára rìn, àpá abẹ́rẹ́ sì kún ìka ọwọ́ òsì rẹ̀, nítorí iṣẹ́ àga tìmùtìmù ló ń ṣe. Ìlobù ni wọ́n ti bí i, Ìlobù ló ń sùn, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Bí ẹ bá jókòó sórí àga kan ní Òṣogbo tí ìdí ń ro yín, Àṣírù kọ́ ló ṣe é. Àga tirẹ̀ a máa gba ènìyàn mọ́ra débi pé àlejò a gbàgbé ilé.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló ní lọ́dún 1994 tí mò ń sọ yìí. Ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́, Ìfọ́n ni wọ́n ti bí i.

Ẹni tí kò bá mọ agbègbè wa lè béèrè pé kí ló burú níbẹ̀. Ìlobù àti Ìfọ́n fara kan ara wọn débi pé adìẹ lè yé ẹyin sí ìlú kan kó sì lọ ké ní ìlú kejì. A jọ ń nája, a jọ ń kírun, a jọ ń sin òkú ara wa. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan ni a kì í jọ sọ. Ẹ dárúkọ ilẹ̀ báyìí, kí ẹ wo bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yóò ṣe pa ẹnu dé.

Ti Baba Oyèwùmí, bàbá Mọ́ládùn, tún wá lékenkà. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òun ló máa ń fa ṣéènì fún àwọn sọ́fíyọ̀ tó wá wọn ilẹ̀, òun náà ló sì gbẹ́ kòtò tí wọ́n rì àwọn òkúta ààlà sí. Láti ìgbà náà ló ti ń wo ààlà bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló fi jogún fún un. Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin Ìlobù kan sọ lójú rẹ̀ pé ó fa ṣéènì náà wọ́. Baba mú àdá, ó fi ẹnu kan irin rẹ̀, ó búra pé oúnjẹ tí wọ́n bá sè ní Ìlobù kò ní gba ọ̀fun òun kọjá títí òun yóò fi kú. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ṣọ́ ìbúra yìí. Bí ìnáwó bá gbé e dé Ìlobù, kúlà oúnjẹ rẹ̀ ló máa gbé dání. Á jókòó láàárín àwọn tó ń jẹ ìrẹsì, á sì ṣí ẹ̀bà tirẹ̀ láìtijú.

Mọ́ládùn, ọmọ rẹ̀, tíṣà ni. Ó gbé àga ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù Àṣírù fún àtúnṣe, àga náà sì gba oṣù mẹ́ta, nítorí Àṣírù kò fẹ́ kó tètè parí. Nígbà tí Àṣírù bi í bóyá yóò fẹ́ òun, Mọ́ládùn ní, "Èmi ti gbà tipẹ́. Baba mi ló kù, kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú ẹ."

Àṣírù lọ bá Baba lẹ́ẹ̀mejì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kó máa lọ ná lẹ́ẹ̀mejì. "Jẹ́ kí n rò ó" ni Baba ń wí ṣáá. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, Baba ò tiẹ̀ ní kó dìde nílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Àṣírù, mo ti rò ó. Ṣùgbọ́n ọpọlọ mi kì í ṣiṣẹ́ lórí ebi. Lọ́jọ́ Túsìdè, àwọn ọmọ wa máa gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Ítálì ní Amẹ́ríkà, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Tẹlifíṣọ̀n mi ti kú láti ìgbà Iléyá. Wá ilé oúnjẹ tó dáa kan fún mi, níbi tí mo ti máa jẹun alẹ́ bí ọmọlúàbí, tí mo ti máa wo bọ́ọ̀lù náà. Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ o. Mi ò fẹ́ ibi tí mo ti máa pàtẹ́wọ́ fún Ítálì kí n rò pé Nàìjíríà ni."

"Ẹ ṣé, Baba."

"Mi ò tíì parí. O mọ ọ̀rọ̀ èmi àti oúnjẹ Ìlobù."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Tí o bá rí ibẹ̀, màá dá ẹ lóhùn níbẹ̀ kí n tó fọ ọwọ́. Tí o ò bá rí i, má wá fi àyà gbálẹ̀ nílé mi mọ́. Ọkùnrin tí kò lè wá oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kan, báwo ló ṣe máa wá ti ogójì ọdún?"

Òṣogbo ni ọkàn Àṣírù kọ́kọ́ lọ. Ṣé ilé oúnjẹ wọ́n ní Òṣogbo ni? Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ epo ti daṣẹ́ sílẹ̀, pẹtiróòlù sì dàwátì. Àwọn awakọ̀ tẹ́ ẹní sábẹ́ mọ́tò wọn, wọ́n sùn. Baba Oyèwùmí kò sì jẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn dé Òṣogbo nítorí oúnjẹ, ẹni tó jẹ́ pé ó ti fi ẹsẹ̀ wọn gbogbo ilẹ̀ tó yẹ kó wọ̀n láyé. Bí Àṣírù ṣe di ẹni tó ń wá ilé oúnjẹ kiri Ìfọ́n nìyẹn.

Èyí tó kọ́kọ́ wọ̀ dáa púpọ̀. Tábìlì mọ́, fáànù ń yí, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú aṣọ léèsì lórí rẹ̀. Ara Àṣírù balẹ̀. Obìnrin tó ni ibẹ̀ bi í pé ta ni àlejò tó ń bọ̀ náà.

"Baba Oyèwùmí ni, mà."

Obìnrin náà rọra gbé ìgbakọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Oyèwùmí tó ń wọn ilẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Oyèwùmí tó fi okùn wọn bẹ́ẹ̀dì wa sí méjì lọ́dún tó gbé mi níyàwó?" Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù. "Sọ fún un kó máa bọ̀. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń wá ẹni tí màá sè nǹkan fún."

Àṣírù dúpẹ́, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde.

Ilé oúnjẹ kejì ní tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fi àwòrán hàn àfi tí ọkọ olóúnjẹ bá gun òrùlé lọ di ọ̀pá eríà mú, kó kọjú sí Ìbàdàn. Ọkọ yìí sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Bó bá ti gbọ́ ariwo nísàlẹ̀, á fi eríà sílẹ̀, á sọ̀kalẹ̀ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀, àwòrán á sì lọ. Wọn ò tíì rí góòlù kan rí nínú ilé oúnjẹ yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Àṣírù, tí ẹsẹ̀ ti ń dùn, dé ibi Mọ́ríátù, lójú ọ̀nà tó so ìlú méjèèjì pọ̀. Mọ́ríátù, opó tó sanra tó sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, ti fa wáyà iná láti ìhà méjèèjì. Bí iná Ìlobù bá lọ, á yí súìsì sí ti Ìfọ́n, bí ti Ìfọ́n bá lọ, á yí i padà. Fáànù mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ fẹ̀ǹfẹ̀, eríà tó dúró láìsí ẹni tó di í mú. Òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran òyà sì gba gbogbo ilé kan.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, níbo lèyí: Ìlobù ni àbí Ìfọ́n?"

"Ta ló ń béèrè?" ni Mọ́ríátù wí. "Tó bá jẹ́ agbowó-orí Ìfọ́n lo jẹ́, Ìlobù nibí. Tó bá sì jẹ́ ti Ìlobù ni, Ìfọ́n lo wà yìí."

"Ọkọ ọmọ Ìfọ́n ni mí. Mo ń gbìyànjú láti jẹ́ ẹ."

Mọ́ríátù rẹ́rìn-ín, ó fi ẹsẹ̀ lu sìmẹ́ǹtì yàrá ìjẹun náà. "Ibi tí a dúró sí yìí, Ìfọ́n ni, bó ṣe rí ni mo sọ fún ẹ yẹn." Àṣírù fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Ó béèrè nípa yàrá ìjẹun, wọ́n sì dá a lóhùn nípa yàrá ìjẹun. Kò ronú kan ilé ìdáná. Ọkùnrin mélòó ló ń rántí ilé ìdáná nígbà tí oúnjẹ bá ti ń ta sánsán?

Ní Túsìdè, ó gbé àga tìmùtìmù kan, èyí tó dáa jù nínú ilé rẹ̀, lé orí láti Ìlobù. Àwọn ènìyàn ń bi í pé ta ni wọ́n lé jáde nílé. Ó gbé e sí iwájú tẹlifíṣọ̀n, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Baba dé ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Mọ́ládùn ń tẹ̀lé e. Àṣírù dọ̀bálẹ̀. Baba kò wo ilẹ̀ níbi tó wà. Òpó iná, tó mọ bó ṣe jìnnà sí ààlà tó, ló ń wò. Ó fa okùn kan yọ nínú àpò, ó fi í lé òpó náà, ó ka ẹsẹ̀ rẹ̀ títí wọ inú ilé, ó kọjá láàárín àwọn tó ń jẹun, ó ní kí ọkùnrin kan gbé abọ́ rẹ̀ kúrò lọ́nà. Ó dé ìdí àga náà, ó dúró, ó mí kanlẹ̀.

"Ìfọ́n ni," ó wí. "Pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án lé. Níbo ni wọ́n ti ṣe àga yìí?"

"Òṣogbo ni, sà."

"Kò sí ìjà láàárín èmi àti Òṣogbo." Ó jókòó, àga náà gbà á mọ́ra, ojú rẹ̀ sì rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ tí Àṣírù ti ń rí i. Mọ́ládùn ṣẹ́jú sí Àṣírù lẹ́yìn orí bàbá rẹ̀.

Wọ́n fọn fèrè bọ́ọ̀lù. Wọ́n gbé iyán dé, ó funfun, ó ń fà. Baba bu òkèlè àkọ́kọ́, ó gbé e mì, ó dijú. "Ha," ó ní. Ó ti jẹ ẹyọ kan tán kí bọ́ọ̀lù tó pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì ní kí Àṣírù lọ gba òmíràn wá.

Àṣírù gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde lọ sí ilé ìdáná, abẹ́ àtíbàbà páànù kan. Mọ́ríátù bẹ̀rẹ̀ lórí ìkòkò ńlá kan, ó ń ro ọbẹ̀. Àṣírù wo ààrò náà. Méjì nínú rẹ̀, òkúta lásán ni. Ẹ̀kẹta, sìmẹ́ǹtì onígun mẹ́rin ni, tí èéfín ti sọ di dúdú, tí ìṣó irin wà lórí rẹ̀, tí wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí lára.

Ó nàka sí i. "Ẹ̀yin ìyá mi, kí lèyí?"

"Òkúta ààlà kẹ̀. Mo bá a níbẹ̀ ni. Mo fẹ́ hú u, kò ṣeé hú, ọ̀lẹ kọ́ ló rì í. Mo bá fi méjì tì í. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù."

"Níbo wá ni ìkòkò wà?"

Mọ́ríátù wo ìkòkò, ó wo òkúta. "Etí rẹ̀ kan ni Ìfọ́n. Ìyókù ni Ìlobù."

Baba ti jẹ iyán kan tán. Àṣírù gbé èkejì dání, ó sì dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ọmọ ọlọ́mọ gbé. Bó bá sọ òótọ́, ó pàdánù Mọ́ládùn nísinsìnyí. Bó bá pa á mọ́, ó lè pàdánù rẹ̀ bó bá yá. Ó yan bó bá yá. Ó gbé iyán wọlé.

Bó ṣe gbé e kalẹ̀, Nàìjíríà gbá góòlù sáwọ̀n. Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ìfọ́n dì mọ́ Ìlobù, ọbẹ̀ dà, ẹnì kan sì gun tábìlì. Baba Oyèwùmí fò dìde, ó gbá Àṣírù mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ ẹ̀gúsí, ó ń pariwo, "Ọmọ mi! Ọmọ mi!" Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó rántí ẹni tó dì mú, ó sì jókòó padà.

Nígbà tí wọ́n sinmi, Baba ní òun fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó se ọbẹ̀. "Mo ti bá yín dúpẹ́, sà," ni Àṣírù wí. Baba ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Àṣírù di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mú un gba iwájú, wọ́n sọdá títì lọ sẹ́yìn igi kan. "Ẹ̀yìn ilé ńkọ́?" "Ejò wà níbẹ̀, sà." Mọ́ládùn gbọ́, ó wo ojú Àṣírù, ó sì mọ̀ pé kò sí ejò kankan.

Wọ́n padà sídìí bọ́ọ̀lù. Wọ́n lé ọmọ Ítálì kan jáde. Ìṣẹ́jú ń lọ, góòlù kan sí òdo. Gbádé, ọkùnrin Ìlobù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baba, ti ń jó kó tó di pé ó parí. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì péré, Baba béèrè iyán kẹta, ó bu òkèlè, ó gbé e sẹ́nu.

Ítálì dá a padà.

Gbádé dá ijó dúró, ẹsẹ̀ kan lókè. Fèrè dún, wọ́n ní àfikún àkókò ló kù. Baba dìde bí ẹni tó ń rìn lójú oorun, ó ń wá afẹ́fẹ́, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde kí Àṣírù tó lè gbé ẹsẹ̀. Igbe rẹ̀ ni wọ́n gbọ́.

"Nọ́ńbà mi! Nọ́ńbà mi rèé! Ọwọ́ mi yìí ló gbẹ́ kòtò rẹ̀!"

Gbogbo ilé tú jáde. Baba kúnlẹ̀ níwájú ààrò, ó ń fi etí fìlà nu èéfín lára òkúta náà bí ẹni tó rí ọmọ tó sọ nù. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè, ó rí ìkòkò. Ó fi ojú wọ̀n ọ́n. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí ẹ̀gúsí wà lára rẹ̀.

"Mo jẹ mẹ́ta," ó wí, ohùn rẹ̀ sì kéré.

Gbádé ló kọ́kọ́ lóye. "Àbájọ!" ó pariwo. "Baba da ìbúra irin! Ìgbà tó fi òkèlè iyán kẹta sẹ́nu ni wọ́n dá a padà! Ẹ̀yin náà ṣe bí ẹ ò rí i?" Wọ́n rí i lóòótọ́. Ariwo bẹ́. Àwọn ará Ìfọ́n ní ìkòkò Ìlobù ló fà á, àwọn ará Ìlobù ní ọ̀fun Ìfọ́n ló fà á. Ẹnì kan kígbe láti inú ilé pé àfikún àkókò ti bẹ̀rẹ̀, kí Baba tètè tún un ṣe kí wọ́n tó tún gbá òmíràn sí wa.

Baba yíjú sí Àṣírù. Ìbínú kọ́ ló wà lójú rẹ̀, ìbá sàn bó bá jẹ́ ìbínú. Ìtìjú ni, ti àgbàlagbà tó ti gbé kúlà lọ síbi ìnáwó fún ogún ọdún tó sì wá ṣubú lórí iyán. Àánú rẹ̀ ṣe Àṣírù gan-an. "Ìwọ lo mú mi wá síbí," ni Baba wí. "Ìlobù ni mo jẹ. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Mọ́ládùn kúnlẹ̀. "Baba, ẹ jẹ́ n bi yín léèrè kan. Lọ́jọ́ tí ẹ búra, ṣé ẹ mẹ́nu kan oúnjẹ àna?"

"Mi ò mẹ́nu kan án. Àna wo ni mo ní nígbà yẹn?"

"Bí àna bá fi oúnjẹ ṣe yín lálejò, ti ìlú wo loúnjẹ náà?"

Baba nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ etí fìlà. Gbogbo wọn mọ ìdáhùn. "Ti àna ni," ó wí lákòótán. "Oúnjẹ àna kì í nílùú."

"Ẹ dúró ná," ni Gbádé wí, ẹni tí Ọlọ́run dá láti máa ba nǹkan jẹ́. "Aago mẹ́fà kọjá ni Baba jẹun. Wọn ò tíì fún Àṣírù níyàwó nígbà yẹn. Kò tíì di àna."

Baba dìde dúró, ó na tán. "Ta ló sọ fún ẹ? Láti Sátidé ni mo ti gbà á! Inú mi ni mo ti gbà á. Ṣé inú mi lò ń gbé ni? Kí n tó bu òkèlè àkọ́kọ́, àna mi ni Àṣírù. Àna mi ló fún mi níyán. Mi ò jẹ nǹkan kan ní Ìlobù!"

Àṣírù kò dúró kí ẹnikẹ́ni tún un wí. Ó wó lulẹ̀ gbalaja nídìí ààrò, àyà rẹ̀ wà ní Ìfọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní Ìlobù, ojú rẹ̀ sì wà nínú eérú. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n fún Ítálì ní pẹ́náltì. Ibẹ̀ náà ló wà nígbà tó wọlé.

Àwọn ènìyàn tú jáde lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ lórí. Wọ́n bá Àṣírù nílẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n rò pé torí Nàìjíríà ló ṣe ń sunkún. Mọ́ríátù bu omi lù ú. "Dìde, ọkọ mi, bọ́ọ̀lù ni, kì í ṣe ikú." Ó gbé ojú eléérú sókè, eyín rẹ̀ sì funfun nínú rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ní gbogbo Nàìjíríà, bóyá òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú pa. Gbádé ti di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú.

"Ẹ fi àna mi sílẹ̀!" ni Baba Oyèwùmí pariwo, lójú Ìlobù, lójú Ìfọ́n.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà nígbà tí iṣu tuntun jáde. Baba kò tíì da ìbúra rẹ̀ títí di òní, ó sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ó máa ń wá kí ọmọ rẹ̀ ní Ìlobù, á jókòó sórí àga tìmùtìmù yẹn kan náà, wọ́n á sì gbé iyán wá. Kó tó fọwọ́ kàn án, á béèrè ẹni tó gún un. Bí Mọ́ládùn bá ní òun ni, á rọra tì í kúrò níwájú. Ọmọ òun ni Mọ́ládùn, kì í ṣe àna òun, Ìlobù ló sì ti gún un.

Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ tí Baba bá ń bọ̀, Àṣírù a ti ṣọ́ọ̀bù, á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, á ki ọmọ odó mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, òógùn á bò ó, àwọn aládùúgbò á sì máa fi ojú àánú wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ iyán gún. Baba á na ọrùn láti orí àga.

"Àna mi," á ní, "kókó ṣì wà nínú rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Àṣírù á wí, á sì tún gbé ọmọ odó sókè.